Èmi Ò Wá Kọrin O, Ìjálá Ni Mo Wá Sun

Ọdẹ àgbà kan ló kọ́kọ́ là mí lójú lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ewì àti orin Yorùbá, ojú gbogbo ayé ló sì ti là mí lójú. Ọjọ́ Àṣà là ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nígbà náà, n'Ìbàdàn. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ọjọ́ náà, èmi náà ni mo ṣe ìwé ètò. Mo to gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: àdúrà, orin ilé ẹ̀kọ́, ijó àwọn ọmọ kíláàsì kejì, lẹ́yìn náà, "Orin ìjálá láti ẹnu àwọn ọdẹ." Nígbà tó kan àwọn ọdẹ, mo gbé máìkì, mo fi gbogbo ẹnu kéde pé bàbá yóò wá kọrin ìjálá fún wa.

Bàbá dìde nínú gbérí ọdẹ rẹ̀, gbérí tí òjò àti ẹ̀jẹ̀ ẹran ti sọ di àwọ̀ ilẹ̀. Ó gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n èmi ò wá kọrin o. Àwọn tó ń kọrin ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjálá ni mo wá sun."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá fẹ́ sunkún!" Mo yíjú padà kí n fi ojú bá a wí, ṣùgbọ́n bàbá ti gbọ́. Ó ní, "Ẹ má bá a wí. Ọmọ náà ò purọ́. Ibi kan náà ni ohùn méjèèjì ti ń jáde." Ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ló bá lanu.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìjálá láti ẹnu ọdẹ gidi mọ ohun tí mò ń wí. Kò bẹ̀rẹ̀ bí orin ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ńṣe ló rọ́ jáde bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti kún inú bàbá náà tipẹ́. Yóò sáré gba orí ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá kọjá, yóò fa ìparí rẹ̀ gùn, yóò mí, yóò tún sáré. Ó júbà Ògún, ó ki ẹfọ̀n, ó ki ìdílé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa (ó dájú pé ẹnì kan ti ta á lólobó), ó sì fi tíṣà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjálá àti orin ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó rú mi lójú. Ó dúró, ó ní, "Ẹ bá mi gbè é o," ó sì dá orin kúkúrú kan. Gbogbo gbọ̀ngán gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ètò parí, mo gbé omi lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ ní ẹ ò wá kọrin, ẹ sì tún kọrin."

Ó mu omi náà tán kó tó dá mi lóhùn. "Mo kọrin níparí. Èyí tí mo ṣe ṣáájú ni ìjálá. Nígbà tí mo ń sun ìjálá, ta lo rí tó pàtẹ́wọ́?"

Mo ti kàwé o. Mo mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti kọ odidi ìwé lórí ìjálá ní 1966, mo sì ti fi í yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n kò tíì yé mi tó bí ó ṣe yé mi nígbà tí bàbá bi mí léèrè àtẹ́wọ́. Orin ní ibi tí ọwọ́ lè dì í mú. Ìjálá kò ní in. Èémí ẹni tó ń sun ún ló ń tọ́ ọ. Kò sì sẹ́ni tó lè pàtẹ́wọ́ sí èémí ẹlòmíràn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wa bí ẹni ń ṣọ́ olè. Mo wá rí i pé Yorùbá kò fi orúkọ nìkan pààlà sáàárín ewì àti orin. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló fi pààlà náà. Ọmọdé tó bá gbọ́ "sun" ti mọ irú ohùn tó ń bọ̀ kó tó gbọ́ èyí tó kù. Ọdẹ ń sun ìjálá. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ń sun rárà. Ọmọbìnrin tó ń ti ilé bàbá rẹ̀ lọ ilé ọkọ ń sun ẹkún ìyàwó, babaláwo ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa dá a lóhùn lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. "Sun" inú sunkún ni gbogbo wọn. Ọmọ tó pariwo lẹ́yìn gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà kí èmi tíṣà rẹ̀ tó túmọ̀ rẹ̀. Mo fún un ní ìwé kíkọ méjì.

Èyí tí kì í ṣe sísun ń kọ́? Pípè ni ti ọfọ̀: a ń pe ọfọ̀, bí ẹni ń pe ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn kó lè dáhùn. Pípè ni ti Ṣàngó, pípè náà ni ẹ̀sà àwọn eléégún. A ń ki oríkì. Bàbá onílù kan tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ sọ fún mi pé "kì" yẹn àti kì tí à ń ki ìbọn, ọ̀kan náà ni: "Ẹni tí mo bá kì dáadáa, kò sí bí kò ṣe ní bú." N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn onílù fẹ́ràn àwàdà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọkùnrin tí wọ́n kì tó sọ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ kọ̀ǹgọ́.

Ewì ní tirẹ̀, kíké ni. Iwì tí àwọn eléégún ń ké àti ewì tí à ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Rédíò ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ilé, nígbà tí àwọn akéwì bíi Lánrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúnbọ̀sún Ọládàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba afẹ́fẹ́ wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má wá fi ewì pe Èwí ti Adó-Èkìtì, oyè ọba ni ìyẹn, ohùn wọn ò sì pa pọ̀. Mo sọ èyí nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ti kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ọba Adó ni ó dá ewì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tó dùn mọ́ mi jù ni "kọ". A ń kọ orin, a ń kọ ìwé, a ń kọ ilà, a ń kọ ebè, àkùkọ ń kọ lórí igi. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé, "Mo kọ orin kan lánàá," o ní láti bi í bóyá ẹnu ló fi kọ ọ́ tàbí bírò. Bó bá sì ní, "Mo kọ ewì kan lánàá," kò sí ìbéèrè: bírò ni. Ewì tí a bá fi ẹnu ṣe, kíké ló ń jẹ́. Ó jọ mí lójú pé gbólóhùn kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè pààlà láàárín àwọn méjèèjì, a ó sì máa sọ ọ́ lójoojúmọ́ láìfura.

Lójú tèmi, kọ méjì ni. Ọ̀kan wà lọ́fun: òun ni ti orin àti ti àkùkọ. Èkejì wà lọ́wọ́: ti olóòlà tó ń fi abẹ kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ti àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ kọ ebè, àti ti akọ̀wé tó ń kọ ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wá pàdé nínú orin. Nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀, mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, verse. Látìnì ló ti wá, láti inú versus, yíyípadà, bí àgbẹ̀ tó ń fi màlúù túlẹ̀ ṣe máa ń yí padà ní ìparí poro kan láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Wọ́n fi poro oko sọ orúkọ ìlà ewì. Àwa náà fi ọ̀rọ̀ ebè sọ̀rọ̀ ìwé. Wọn kò ti ara wọn wá o, ojú àgbẹ̀ ló jọra.

Ìfẹ́ irú ìjọra bẹ́ẹ̀ ti ṣe mí ní jàǹbá rí. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, mo ka ìwé kan lórí ewì àwọn Gíríìkì ìgbàanì, mo rí i pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n ìlà ewì wọn, ẹsẹ̀ tí à ń fi rìn gan-an. Gbígbé ẹsẹ̀ sókè ni wọ́n pè ní arsis, gbígbé e sílẹ̀ ni thesis, nítorí pé àwọn tó ń kọ ewì náà ń jó o ni. Kódà choros, tí ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì ti wá, agbo ijó ni kó tó di agbo orin. Inú mi dùn débi pé n kò sùn. Mo kọ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ojú ewé mẹ́jọ láti fi hàn pé àwa náà ní in: ṣebí ẹsẹ Ifá là ń pè é? Ẹsẹ̀ Ifá! Mo ní àwọn babaláwo ti ń fi ẹsẹ̀ ka ewì kí Gíríìkì tó mọ ijó.

Olùkọ́ wa fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà níbi gbogbo tó ti hàn. Ní ìparí, ó kọ gbólóhùn kan péré: "Ta ló gé Ifá lẹ́sẹ̀?" Ẹsẹ Ifá, ẹsẹ Bíbélì, re àti re ni. Ẹsẹ̀ tí à ń fi rìn, re àti dò ni. Mo gba 38 nínú 100. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni obì tí a lè pa láwẹ́. Bí ẹnì kan bá ń la ọ̀rọ̀ Yorùbá sí wẹ́wẹ́ fún mi, ohùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ohùn bá kọ̀, èmi náà kọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé re àti dò. Gbogbo wa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Tíṣà á mú ẹgba dání, á na pátákó: "Bàtà!" Àwa á ké pé, "Dò dò!" "Ilé!" "Re mí!" Ohùn tó bá àwọn orúkọ náà gan-an mu la fi ń pè wọ́n, débi pé mo rò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n.

Ẹgbẹ́ akọrin ló tú mi nínú àṣìṣe yẹn. Mo ń kọ áátò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀gá akọrin wa sì jẹ́ ẹni tó máa ń bá wa ṣàlàyé ju bó ṣe ń bá wa kọrin lọ. Ó ní ní ọ̀rúndún 11, mọ́ńkì kan wà ní Ítálì tó ń jẹ́ Guido, ará Arezzo. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, wọn kì í tètè rántí ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà. Orin ìyìn kan wà fún Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní èdè Látìnì, tó jẹ́ pé bí abala kọ̀ọ̀kan bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ohùn á fi ìpele kan ròkè. Guido mú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ abala kọ̀ọ̀kan, ó fi sọ ohùn náà lórúkọ. Ut queant laxis ni abala kìíní, resonare fibris ni èkejì, mira gestorum ni ẹ̀kẹta. Ut, re, mi. Nígbà tó pẹ́, wọ́n sọ ut di do nítorí pé ut ń há lọ́fun.

Resonare, kí ohùn dún jáde. Mira, àwọn ohun ìyanu. Ègé ewì Látìnì ni re àti mí tí tíṣà ń fi ẹgba lù sórí pátákó! Àwọn míṣọ́nnárì ló kó sófà, ìyẹn dò, re, mí yìí, wá pẹ̀lú ìwé orin ní ọ̀rúndún 19, orin ni wọ́n sì fẹ́ fi kọ́ wa. Àwa gbà á, a mú mẹ́ta tó wúlò fún wa nínú méje, a fi kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ewì sọ orin lórúkọ, orin wá sọ ọ̀rọ̀ ẹnu lórúkọ.

Àwọn àmì tí à ń fi sórí fáwẹ́lì náà rin irú ìrìn àjò yẹn. Accent ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Nínú Látìnì, accentus ni, "orin tí a fi kún un", wọ́n sì fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, prosōidia, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ bákan náà: orin tó bá ọ̀rọ̀ rìn. Ìdí ni pé èdè Gíríìkì ìgbàanì ń ròkè, ó ń relẹ̀. Aristophanes ará Byzantium, tó ṣiṣẹ́ ní Alexandria ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àmì náà sórí ọ̀rọ̀ kí àwọn àjèjì lè mọ bí wọn yóò ṣe gbóhùn. Àmì tó dà sí ọ̀tún jẹ́ ohùn mímú, èyí tó dà sí òsì jẹ́ ohùn wíwúwo. Nígbà tí Faransé gbà á, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fún un. Nígbà tó dé ọwọ́ Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ń kọ Yorùbá sílẹ̀, ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀. N kò mọ bó ṣe rí lára ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sì ń sọ pé mò ń fi àkókò ṣòfò, mo máa ń fẹ́ sọ fún un pé orin ni mò ń kọ.

Ó ku bàbá onílù.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n ké ewì. Mo kọ ọ́, mo há a sórí, mo sì bẹ̀wẹ̀ onídùndún kan kó lè fi ìlù gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó wá sí kíláàsì mi ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ó ní kí n gbọ́hùn kó gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀. Ìlà tí mo fẹ́ràn jù ni "Ìgbà rẹ tù wá lára." Mo gbé ohùn sókè níbẹ̀ bí ẹni ń kéde ọba, nítorí pé mo ti rí i tí àwọn akéwì orí tẹlifíṣọ̀n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dá mi dúró. "Ẹ tún un wí."

Mo tún un wí.

Ó fi apá ká ìlù mọ́ra, ó fi ìka fún ọ̀sán, ó sì fi kọ̀ǹgọ́ lù ú gẹ́lẹ́ bí mo ṣe wí i. Àwọn ọmọ méjì tó ń gbá ilẹ̀ níta rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n pé, "Kí ni mo wí?" Wọ́n ní, "Igbá rẹ!" Ó yíjú sí mi. "Igbá ta ló tu yín lára, Mà? Igbá ìyá ọlọ́bẹ̀?"

Ó ní ìlù kò léyín, kò létè, kò láhọ́n, ohùn nìkan ló ní. Ohun tí ẹnu lè fi kọ́ńsónáǹtì bò mọ́lẹ̀, ìlù kò lè bò ó. Bó bá fún ọ̀sán, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bó bá sì fà á lójijì láàárín, ohùn á yọ̀ bí ẹni ń sọ "ìwé". Àìléyín yìí náà ló fà á tí ìlù fi nílò gbólóhùn gígùn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó o, ènìyàn mẹ́wàá á gbọ́ ọ sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí rédíò ìjọba ń fi ìlù ṣí ètò láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n ní ìlù náà ń wí ni pé rédíò Nàìjíríà nìyí, ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Ìbàdàn ní irọ́ ni, ohun tí àwọn ń gbọ́ ni, "Bólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?" Ọ̀ràn tó ń jẹ oníkálukú lọ́kàn ló ń gbọ́ nínú ìlù.

Mo tún ewì mi ṣe. Mo jẹ́ kí "ìgbà" wà nísàlẹ̀ níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dùn mí pé ó dùn.

Bàbá onílù yìí kan náà ló bá mi níbi àìsùn ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa tó ṣaláìsí. Wọ́n ti pè é pé kó wá lu ìlù lẹ́yìn ìsìn. A kọ "Wá bá mi gbé," bí a ti máa ń ṣe níbi òkú. Nígbà tí mo jáde, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ le, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń bẹ̀ pé kó wá bá yín gbè?"

Mo ní, "A ò sọ gbè, Bàbá. Gbé ni. Wá bá mi gbé, kí Olúwa wá bá wa gbélé."

Ó ní, "Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ yín. Gbè lẹ ń wí."

Mo délé, mo ṣí ìwé orin onísófà. Lyte ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1847, Monk sì ṣe ohùn tí gbogbo ayé fi ń kọ ọ́ ní 1861. Ohùn ọ̀rọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ rè é: mí, mí, re, dò. Wá, mí ni. Bá, mí ni. Mi, re ni. Títí dé ibẹ̀, ó bá Yorùbá mu rẹ́gí, bí ẹni pé ará Ìjẹ̀bú ni Monk. Gbé ló yẹ kó tún jẹ́ mí, ohùn orin sì já a sí dò. Bàbá onílù kò ṣì í gbọ́. Fún gbogbo ọdún tí a ti ń kọ orin yìí lórí òkú àwọn ènìyàn wa, "Wá bá mi gbè" là ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa ṣe.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tì í. Kí ni gbè? Nínú orin, ẹni kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é, àwọn la sì ń pè ní elégbè. Ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀, gúdúgúdú àtàwọn yòókù á máa gbè é. Ṣùgbọ́n ègbè kò mọ sí agbo orin. Adájọ́ tó bá tì sẹ́yìn ẹnì kan, a ní ó ṣègbè. Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ kan ju èkejì lọ, ó ń ṣègbè. Ìtìlẹ́yìn ni ègbè, kó tó di ti orin. Ẹni tó ń gbe orin rẹ, ó ti yàn láti wà lẹ́yìn rẹ nìyẹn, bí orin náà tilẹ̀ burú. Mo wá bi ara mi bóyá Ọlọ́run tó bá wa gbélé tó sì tún bá wa gbè kò sàn ju èyí tó kàn bá wa gbélé lọ.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú nǹkan báyìí. Ó ti ń yọ àwọn baba wa nínú ìjọ lẹ́nu tipẹ́ pé orin Gẹ̀ẹ́sì ń yí ọ̀rọ̀ Yorùbá po. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ṣe orin ìyìn tirẹ̀ ní ohùn tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ó sì kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Áńgílíkà ti Marina l'Ékòó, ṣe ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1953, kókó rẹ̀ sì ni pé ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá kò ṣeé yà nípá. Ọ̀gá akọrin wa mọ gbogbo ìyẹn. Nígbà tí mo sọ ti gbé àti gbè fún un, ó ní kí n má sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nítorí wọn ò ní lè kọ ọ́ mọ́ láìrẹ́rìn-ín. Mo sọ fún àwọn áátò nìkan.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a tún ṣe Ọjọ́ Àṣà. Mo kọ ìwé ètò náà dáadáa lọ́tẹ̀ yìí: "Ìjálá sísun láti ẹnu àwọn ọdẹ." Mo fi gbogbo àmì sí i. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bọ́ gbogbo àmì náà kúrò, ó ní wọ́n ń ba ojú ìwé jẹ́: "Ijala sisun." Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tuntun, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá àmọ́ tó ti ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lọ́jà, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní òun rí i pé a fẹ́ sun nǹkan, pé ta ni yóò ra èédú, ṣé kò sì ní séwu fún àwọn ọmọ.

Àmì ohùn pàápàá kì bá tí gbà mí. Sun ti ìjálá àti sun ti iṣu, re ni àwọn méjèèjì.

Nígbà tí bàbá ọdẹ dé, mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó rà á. Bí mo bá sun tèmi tán, ebi á ti máa pa mí."